Bí Olè Bá Wọ Inú Àkáǹtì Wa: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Ìkirè

  Òógùn ojú wa kò ní di ti olè o.

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù. Ọ̀rọ̀ owó oṣù fúnra rẹ̀ ni. Láyé ìjọ́sí, inú àpòòwé ni owó oṣù máa ń wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí i, àfi kí ó sún mọ́ wa, kí ó ti ọwọ́ bọ àpò wa. Lónìí, báǹkì ni wọ́n ń san án sí, orí fóònù ni a sì ti ń ná an. Nígbà tí owó bébà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn tí kò fi fóònù sanwó rí pàápàá kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn tí ń ta dòdò lẹ́bàá ọ̀nà Ìkirè ń gba owó orí fóònù, èrò inú ọkọ̀ náà ń fi í san owó ọkọ̀. Ó rọrùn, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà bá wà, ibẹ̀ ni olè ń wá.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ìkirè àti Àpòmù. Ọjà Àpòmù ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé tà lẹ́rú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1820. Olè òde òní kò gbé ènìyàn. Nọ́ńbà ni ó ń gbé. Òṣìṣẹ́ ti jà títí kí òfin ọdún 2024 tó sọ 70,000 náírà di owó oṣù tí ó kéré jù lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni olè fi lè kó o lọ.

BÍ OLÈ ṢE Ń WỌLÉ

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù.

Èkínní ni ìpè. Ẹnìkan yóò pè, yóò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ káàsán sà, báǹkì yín ni a ti ń pè. BVN yín ní ìṣòro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wa." Nọ́ńbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní OTP, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni. Báńkì Àpapọ̀ dá BVN sílẹ̀ ní ọdún 2014 kí báǹkì lè fi dá wa mọ̀ ni. Kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó béèrè OTP tàbí nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀, gbájúẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ pe orúkọ yín àti orúkọ ìyá yín.

Èkejì ni síìmù. Ká sọ pé awakọ̀ kan ń ná Ìbàdàn sí Ìkirè, wọ́n sì yọ fóònù rẹ̀ ní gáréèjì. Ó ní, "Mo ti ti fóònù mi pa, wọn kò lè ṣí i." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olè kò nílò láti ṣí fóònù náà. Yóò yọ síìmù, yóò fi sínú fóònù tirẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tí báǹkì bá rán sí awakọ̀ wa, ọ̀dọ̀ olè ni yóò máa dé sí. Bí nọ́ńbà àṣírí awakọ̀ náà bá jẹ́ ọdún tí a bí i, tàbí 1234, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀nà kan tún wà tí olè kì í fi jí fóònù rárá: yóò lọ purọ́ fún ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé síìmù òun sọnù, wọn yóò sì fún un ní òmíràn tí ó ní nọ́ńbà yín.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà, yálà èyí tí ó wà nílé, tí ọ́fíìsì, tàbí tí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe fọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ wa. A ṣí létà kan tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, tàbí a tẹ ibi tí wọ́n ní kí a tẹ̀, nǹkan burúkú kan sì wọ inú ẹ̀rọ náà, ó ń ka gbogbo ohun tí a bá tẹ̀.

Ẹ má rò pé òpè nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Báǹkì ìjọba orílẹ̀-èdè Bangladesh bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn olè fi létà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì náà lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ìsinmi wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, 81 mílíọ̀nù dọ́là bá a lọ sí Philippines. Ẹ gbọ́ ibi tí ẹ̀kọ́ wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń tẹ ìwé gbogbo owó tí ó bá jáde. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ó kàn bàjẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń bàjẹ́ ni. Kí wọ́n tó tún un ṣe, owó ti lọ.

Fóònù wa náà máa ń dákẹ́ báyẹn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kúrò lórí síìmù yín lójijì, tí ti ẹni tí ẹ jọ ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà sì ń ṣiṣẹ́, tàbí tí álàátì kò wọlé mọ́, ẹ má ṣe sọ pé "yóò padà wá tó bá di alẹ́." Ìdákẹ́jẹ́ náà gan-an ni ariwo olè.

WÁKÀTÍ ÀKỌ́KỌ́

Owó tí olè kó kì í kọ́kọ́ bọ́ sí àpò. Inú àkáǹtì míràn ni ó ń lọ ná. Bí báǹkì wa bá tètè gbọ́, ó lè ké sí báǹkì kejì kí wọ́n di owó náà mú kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́. Bí ó bá pẹ́, ó ti di owó ọwọ́ ẹlẹ́ni. Nítorí náà:

1. Ẹ yá fóònù ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ pe báǹkì, kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì pa. Ọ̀pọ̀ báǹkì ní nọ́ńbà kúkurú tí a lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn fún èyí. Òní ni kí ẹ béèrè ti báǹkì yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú bébà, kì í ṣe sínú fóònù tí olè yóò gbé lọ.

2. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n ti síìmù náà pa.

3. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀: ìgbà tí owó jáde, ìgbà tí ẹ pè, orúkọ ẹni tí ó gbé ìpè, àti nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún yín. Owó tí ó bá jáde lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti pè wọ́n, ẹ̀rí ńlá ni.

4. Ẹ lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù míràn tí ó mọ́ láti yí ọ̀rọ̀ àṣírí padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì, nítorí ibẹ̀ ni olè ti lè gba àwọn yòókù. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà tí ó ti bàjẹ́ yí i, ojú olè ni ẹ ti ń yí i.

5. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹ gba ìwé.

ÌPÈ KÒ TÓ, Ẹ KỌ ÌWÉ

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa pe báǹkì, wọ́n ní "a ti gbọ́", a sì jókòó. Òfin kò mọ "a ti gbọ́". Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, ní abala 37, ìpín 3, sọ pé bí báǹkì bá yọ owó oníbàárà láìgba àṣẹ, tí oníbàárà sì fi ìwé sọ fún un, dandan ni kí ó fi àṣẹ tí ó fi yọ owó náà hàn, tàbí kí ó dá owó padà láàárín wákàtí 72. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, yóò dá owó náà padà, yóò sì san ìtanràn 5,000,000 náírà. Ìwé ni òfin dárúkọ.

A kò ní tàn yín. Báǹkì lè sọ pé nọ́ńbà àṣírí yín ni wọ́n fi yọ owó, nítorí náà ẹ̀yin ni ẹ fún wọn láṣẹ. Abala 19 òfin kan náà sì gbé ẹrù lé oníbàárà lórí pé òun ni yóò fi hàn pé báǹkì kò ṣe tó bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí àkókò tí a kọ sílẹ̀ àti ìwé tí báǹkì fi òǹtẹ̀ lù fi ṣe pàtàkì. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ wà ní Òṣogbo. Ẹ̀ka tí ń dáàbò bo oníbàárà ni kí ẹ kọ ìwé sí. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, akọ̀wé wa yóò bá a kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀.

KÍ OLÈ TÓ DÉ

Ẹ fi nọ́ńbà ti síìmù fúnra rẹ̀ pa, yàtọ̀ sí títi fóònù pa, kí olè má lè lò ó nínú fóònù míràn. Ẹ fara balẹ̀ tí ẹ bá ń ṣe é, nítorí ẹni tí ó bá ṣi nọ́ńbà náà tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yóò wá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ẹ má ṣe fi owó oṣù sí orí fóònù tí ẹ ń gbé kiri gáréèjì. Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì kékeré wà fún owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ti ńlá jókòó sílé. Bí èrò kan bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gba owó sínú àkáǹtì yín kí ẹ yọ ọ́ fún òun, ẹ kọ̀. Bí ó bá jẹ́ owó olè, orúkọ yín ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ rí.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí ó máa gba àtúnṣe tí àwọn tí ó ṣe é ń fi ránṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Renault àti Nissan, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe tí ìbá dènà rẹ̀ ti jáde láti oṣù Kẹta. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ṣì ń lo Windows 10 kò sí lábẹ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, kò sì yẹ kí a máa fi í ṣe iṣẹ́ owó. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe wọ àkáǹtì yín rárá. Àkọsílẹ̀ owó alájẹṣẹ́kù wa pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn tí kò so mọ́ kọ̀ǹpútà náà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti ìtìjú. Ẹni tí olè jà kì í fẹ́ sọ, kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gọ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni olè ń jẹ. Bí a bá tètè kígbe, báǹkì yóò gbọ́, àwa yòókù yóò sì ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá dá lọ sí báǹkì, wọ́n lè ní kí ó padà wá lọ́la. Bí akọ̀wé àti ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọn yóò pe ọ̀gá jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, lọ́sàn-án tàbí lóru, kí ó ké sí wa. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

 Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nà ọwọ́.