Nípa Ìrépé Aṣọ àti Ẹ̀wù Ilẹ̀ Wa



Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa wọ bùbá kan wá sí ìsìn. Sányán ìyá rẹ̀ àgbà tí ó ti gbó ni ó tú, tí ó fi ìrépé tí ó ṣà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lẹ̀ mọ́ ọn. Apá rẹ̀ kúrú, ó sì ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọmọ ìwòyí ti ń fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wí pé, “Ṣé àkísà ni a ń wọ̀ wá sí ilé Ọlọ́run báyìí?” Ọmọ náà gbọ́. Kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ àti àlùfáà dákẹ́. Gbèsè ìdákẹ́ náà ni a wá san lónìí.

Níbo ni àlàárì ti wá? Púpọ̀ nínú òwú sẹ́dà pupa tí àwọn baba wa fi hun ún ní ọ̀rúndún 19 jẹ́ àjákù tí àwọn ahunṣọ Yúróòpù kò fẹ́ lò mọ́. Láti Trípólì ni ràkúnmí ti rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Kánò, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ wa. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, láti inú èdè Lárúbáwá ni. Ta ni nínú wa tí yóò pe àlàárì ní àkísà?

Aṣọ òfì tilẹ̀ rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ínṣì 4 ní ìbú, ni a rán pọ̀. Bí ọ̀kan bá gbó, a ó tú ojú rírán rẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó sì fi èyí tí ó yè rán ẹ̀wù mìíràn. Lóde òní, Nkwo Onwuka, aránṣọ ọmọ Nàìjíríà, ń gé jíìnsì àlòkù sí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rán an pọ̀ títí yóò fi jọ aṣọ tí a fọwọ́ hun. Dakala ni ó pè é.

Kì í ṣe gbogbo òkìríkà ni ó yẹ bẹ́ẹ̀ o. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí a kó o wọlé, síbẹ̀ òkìtì rẹ̀ wà ní Katangua ní Èkó. Pọ́líẹ́sítà kì í gba ẹlú. Aláró tí ó bá rì í sínú ìkòkò aró pàdánù ọjọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn funfun tí ó jẹ́ kìkì òwú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù, adìrẹ gidi ni yóò dà.

Ẹ̀yin Ìjòyè, bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ṣe ná an ní iye àkísà.

Àwa ti kó agbádá ẹtù baba wa, tí kòkòrò ti jẹ apá rẹ̀, fún ọmọ náà kí ó sọ ọ́ di dàńṣíkí. Ó bi wá bóyá a ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn. A ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ ni.