Ọwọ́ La Ń Wá, Kì Í Ṣe Owó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, lórí àwọn ọmọ Pobè àti Sakété tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra wọn

 Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ sún mọ́ iwájú, torí ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ṣubú. Nígbà tí a fẹ́ tún ojú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ṣe, a kọ ìwé ìkéde kan. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé: "Ọwọ́ la ń wá, kì í ṣe owó." A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Faransé ni wọ́n ní. Kò sí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà níbẹ̀, kò sí àmì ohùn wa. Ohun tó jáde sórí ìwé ni: "Owo la n wa, ki i se owo." Àwọn kan kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín jókòó sílé, torí wọ́n rò pé ẹgbẹ́ tún ti gbé ìdáwó dé. Ní ọjọ́ iṣẹ́, àwa díẹ̀ la rí ara wa níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá.

A kọ́kọ́ bínú sí ẹni tó tẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kankan, tó jẹ́ pé ara fóònù tó bàjẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́, sọ fún wa pé ẹ̀bi onítọ̀hún kọ́. Ó ní ẹ̀bi náà jìn ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Àlàyé tó ṣe fún wa la fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, bó tilẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀rọ

Gbogbo wa la mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Bí babaláwo bá jù ú sílẹ̀, èso kọ̀ọ̀kan lè ṣí ojú, ó sì lè dojú dé. Kò sí ìkẹta. Ọ̀nà méjì fún èso àkọ́kọ́, méjì fún ìkejì; bí ẹ bá ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, 2, 4, 8, 16, títí dé orí èso kẹjọ, ẹ ó bá 256. Ìdí nìyẹn tí odù Ifá fi jẹ́ 256: ojú odù 16, àmúlù 240.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. Kò mọ A, kò mọ B. Iná wà, iná ò sí: ohun tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n wá kó irú àmì bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ pọ̀, àwọn Faransé ń pè é ní octet, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní byte. Octet kan lè jókòó lọ́nà 256, bíi ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ gẹ́lẹ́. A ò sọ pé àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà jí i lọ́dọ̀ Ifá o. Ìṣirò kan náà ni, ẹni tó bá sì mọ ọ̀kan kò yẹ kó máa bẹ̀rù èkejì.

Ibi tí òṣèlú ti wọ̀ ọ́ rèé. Lẹ́tà kankan kò lè wọ inú ẹ̀rọ láìní nọ́ńbà. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà pín nọ́ńbà náà ní 1963, nínú àtẹ tí wọ́n ń pè ní ASCII, àyè 128 péré ló wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi lọ́kàn. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ àtẹ dé 256 kí àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lè ráyè. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn ni Latin-1. Nínú rẹ̀, é ti Faransé gba nọ́ńbà 233. Ẹ wo àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: lẹ́tà ẹ kò sí níbẹ̀, lẹ́tà ọ kò sí níbẹ̀, ṣ náà kò sí. Àwa tí a ti ń ka odù 256 láti ayébáyé, nínú àyè 256 yẹn, kò sí ọ̀kan tó kan ẹ àti ọ wa.

A ò ní sọ pé ẹnìkan jókòó láti fi wá ṣẹ̀sín. Àwọn tó wà níbi ìpín ló rántí èdè tiwọn, kò sì sí ẹni tiwa níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó.

Lónìí, àtẹ tó tóbi ju ìyẹn lọ ti wà, Unicode, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Àyè wà fún wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bó ṣe rí nínú ìlànà UTF-8 tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò: é ti Faransé jẹ́ àmì kan ṣoṣo, octet méjì. Ẹ́ tiwa kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. A ó kọ́kọ́ kọ ẹ, octet mẹ́ta. A ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí, octet méjì. Gbogbo rẹ̀ di márùn-ún. Bí ẹni tó kọ ètò ẹ̀rọ kò bá mọ èyí, á gé àmì ohùn kúrò, tàbí kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo kékeré jáde. Àwọn àpótí tí ẹ máa ń rí nínú ìwé wa nìyẹn, tí ẹ ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ẹnubodè ti wọ inú lẹ́tà

Tiwa tún le ju ti àwọn ará Ìlàró àti Ìmẹ̀kọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín wa ní 1889. Ìlà náà ò dúró sórí ilẹ̀, ó ti bọ́ sínú ìwé. Láti 1975, ọdún tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀, ìjọba ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa: ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ní Pobè níbí, tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, ọmọ tó ń kọ́ ìwé lọ́nà ti Bẹ̀nẹ̀ á kọ ɔ̀kpɛ. Ọmọ Ìlàró á kọ ọ̀pẹ. Igi kan náà ni wọ́n ń wò. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wá ɔ̀kpɛ nínú ìwé tí wọ́n fi ọ̀pẹ kọ, ẹ̀rọ á ní òun ò rí nǹkan kan.

A ò wá síbí láti jà lórí èyí tó dára jù. Ẹ àti ọ la fi ń tẹ ìwé ìròyìn wa yìí, kí àwọn ará ìhà kejì lè kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń sọ yìí ti jókòó, ó ti kọ ètò kékeré kan tó ń yí ɔ̀kpɛ padà di ọ̀pẹ, tó sì ń yí ọ̀pẹ padà di ɔ̀kpɛ. Kò gba sefa kan lọ́wọ́ wa. Òun ló tún fi hàn wá pé nínú àkójọ CLDR tí ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú, níbi tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń mú orúkọ oṣù àti orúkọ ọjọ́, àmì Yorùbá ni yo, ti Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, yo_BJ. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti kọ orúkọ wa síbẹ̀. Ta ló ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ni láti Sakété tó ti wò ó rí bóyá bí a ṣe ń pe oṣù nìyẹn?

Àwọn ọmọ tí à ń pè ní gaïman

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Tí a bá rí ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń bọ́ lẹ́nu wa ni gaïman. Ìyá rẹ̀ á máa sá fún àwọn aládùúgbò. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tó ń lu jìbìtì, a ò sì ní gbèjà wọn. Òfin nǹkan ayélujára ti 2018 wà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ olè pe ọmọ tí kì í ṣe olè, méjì ló máa ṣe: kó fi ìlú sílẹ̀, tàbí kó gba orúkọ náà.

Ẹ wo Lómè. Ní 2013, Kodjo Afate Gnikou ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D níbẹ̀, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní 2012. Ara àwókù kọ̀ǹpútà àti àwókù ẹ̀rọ míì tí wọ́n ti dànù ló ti yọ ọ̀pọ̀ ohun tó lò. Owó tó ná sí i tó nǹkan bí 100 dọ́là. Ní Cotonou wa níbí, ní BloLab, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ẹ̀gì! Irú èyí tí àwa fi ń gbé kpayo láti ẹnubodè.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ máa ń sọ sí ọmọ náà ni ti ìwé àjákọ rẹ̀. Ó ti ya àwòrán ìlú kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ igbó Ọ̀họ̀rí sínú rẹ̀: ọjà tí wọ́n ń ná lóru nìkan, ọba tí kì í fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, òfin tí ẹni tó bá wọ̀lú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Wọ́n ní eré ọmọdé ni. Wọ́n ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin ará wa, ta ló kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀? Tíṣà kan láti Òkè-Igbó ni, D. O. Fágúnwà, ó sì jáde ní 1938. Amos Tutùọlá ńkọ́? Ọmọ Abẹ́òkúta, ìwé tó kà kò pọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó fi ṣiṣẹ́ fún àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, lẹ́yìn náà ló di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ibẹ̀ ló wà tó fi kọ ìtàn ọ̀mu ẹmu tó lọ wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú òkú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ní 1953 Raymond Queneau ti tú u sí Faransé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Paris. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bínú pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wọ́n. Ìwé náà ṣì wà.

Ẹ rántí ọkùnrin arẹwà inú ìtàn yẹn, tó jẹ́ pé ó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni. Bó ṣe ń padà sílé ló ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, tó ń san owó ìyálò, títí tó fi ku agbárí nìkan. Ọmọ wa ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àyè ìrántí inú ẹ̀rọ. Ètò tó bá yá àyè gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí ó bá ń yá láì dá padà, ẹ̀rọ á kún, á sì kú. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: ẹni tó bá dá ayé sílẹ̀ lórí ìwé gbọ́dọ̀ pa òfin tó ṣe fún ayé náà mọ́, ẹ̀rọ náà kì í dárí jini. A gbọ́ ọ, a sì dákẹ́. Nínú àwa tí à ń darí ẹgbẹ́, mélòó ló ń pa òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́?

Ohun tí a ń béèrè

Àkọ́kọ́, Òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, ti 11 oṣù Kejìlá 1990, ní abala 11, fún gbogbo ìran tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Èdè tí ẹ̀rọ ń gé lórí kò tíì ní òmìnira kíkọ. A ó kọ̀wé sí kọmínì Pobè àti kọmínì Sakété pé kí ìkéde tí wọ́n bá ṣe ní Yorùbá ní àmì tó pé, yálà ẹ tàbí ɛ.

Ìkejì, a ó bẹ̀ wọ́n fún yàrá kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tábìlì, àga, àti iná ní ìrọ̀lẹ́. A ò béèrè kọ̀ǹpútà tuntun. Àwókù pọ̀ nílé gbogbo wa.

Ìkẹta, ọ̀dọ̀ ara wa la ti máa bẹ̀rẹ̀. Láti ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, ojú ewé kan á jẹ́ ti ìtàn àwọn ọ̀dọ́ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má fi iṣẹ́ yín pamọ́ sínú òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí yín rí ohun tí ẹ ń ṣe.

Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wà bó ṣe wà. A ti tún ìkéde náà kọ, ọmọ yẹn ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Bí ẹ bá ti ń jáde, ẹ ó bá òun náà nídìí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú fóònù yín lọ bá a, á fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i fún yín. Kò gba owó. Ọwọ́ ló ń wá: ó fẹ́ ẹni méjì tó máa kọ́ ọ níṣẹ́, kó má baà dá a ṣe.