Ohun tí mo máa ń sọ fún àlejò ní Òkè-Erí

  Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn tó gbọ́ ohùn mi á ti gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa pẹ̀lú. Ẹ̀yin òǹkàwé ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ iṣẹ́ kejì tí mò ń ṣe. Àwọn tó ti ń bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé, yàtọ̀ sí ètò yìí, mo máa ń mú àlejò rìn káàkiri ìlú lọ́jọ́ Sátidé. Ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo ni: kí wọ́n dé láàárọ̀, kí wọ́n padà nírọ̀lẹ́. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, torí ọ̀nà ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tí wọ́n wá lo ìsinmi nílé. Nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2024, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni fóònù mi ò fi sinmi. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ṣé a máa rí ẹṣin? Mo ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni ẹṣin máa ń jáde. Bí ẹ bá wá nínú oṣù Kọkànlá, èmi àti ọ̀kadà lẹ máa rí.

Bí àwọn àlejò bá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá, mo máa ń lọ pàdé wọn ní Ẹ̀pẹ́ fúnra mi, torí ọ̀nà yẹn ní ìtàn nínú. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbéra, tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott ṣáájú wọn, tí wọ́n dojú kọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni wọ́n ja ogun Ìmàgbọ̀n, ọjọ́ kejì wọ́n wọ ìlú. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn baba wa ni pé wọ́n dí ọ̀nà òwò, wọn ò jẹ́ kí èèyàn kọjá láàárín Èkó àti òkè. Nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń sọ fún wọn pé ìlú tí à ń lọ yìí, àjèjì kì í ṣàdédé wọ̀ ọ́ láyé àtijọ́. Àwọn tó yí i ká ní bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, alẹ́ ò ní bá a láàyè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè bóyá áàsì wà ní ibi tí a ti máa jẹun.

Nínú ìlú, a máa ń dúró níbi ère Ọbańta, a máa ń dé iwájú ààfin. Níbẹ̀ mo máa ń sọ̀rọ̀ Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1960, tó sì wàjà nínú oṣù Keje ọdún 2025. Ọdún 65! Àwọn àlejò kan wà tí àwọn òbí wọn ò mọ Awùjalẹ̀ mìíràn rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkọ́kọrẹ́. Mo ti kọ́ pé kò dáa kí á jẹ ẹ́ kí á tó jáde kúrò nígboro, torí ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ẹja gbígbẹ àti epo sè, oorun ló ń gbé fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ebi kì í gbọ́ àlàyé. Nítorí náà, ajẹyó tó ń tòògbé ni mo máa ń kó lọ sí Òkè-Erí.

Òkè-Erí ò jìnnà sí wa rárá. Ibẹ̀ ni ibojì Bílíkísù Súngbọ́ wà. Àwọn ọkùnrin á bọ́ bàtà, wọ́n á wọlé. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Ìta ni a máa ń dúró. Èmi tí mò ń ṣamọ̀nà, tí mo gba owó ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, mi ò fojú kan inú ibẹ̀ rí. Kí àwọn ọkùnrin tó wọlé ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo ti há a sórí dáadáa: pé ẹni tó sùn síbí yìí ni Ayaba Ṣébà, tí ìwé Àwọn Ọba Kìíní sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí 10, tó lọ fi àlọ́ dán ọgbọ́n Sólómọ́nì wò, òun kan náà ni ó wà nínú Kùránì, nínú Súrà An-Naml. Mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó bá wọn lọ sí Jerúsálẹ́mù. Oorun á dá lójú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ta mí lọ́rẹ jù lọ nìyẹn.

Ní Sátidé kan lásìkò òjò, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì wà lára àwọn tí mo kó wá. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn ọkùnrin wọlé, àwa obìnrin wà lábẹ́ agboòrùn. Wọ́n pè mí sún mọ́ ara wọn.

“Ọmọ mi, ohun tí o sọ yẹn, ṣé o gbà á gbọ́?”

Mo ní, “Mọ́mì, ohun tí àwọn àgbà wa sọ ni.”

Wọ́n ní, “Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní òjò ti fẹ́ dá. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ̀ wá létí ni pé kí a máa béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀, àti bí ó ṣe mọ̀. Nínú ètò yìí gan-an, ẹ ti gbọ́ tí mo ń da ìbéèrè bo àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi ń làágùn. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń fi ohun tí mi ò wádìí gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

Mo wá lọ wádìí. Ìgbà ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Láti ọdún 2015 ni àwọn awalẹ̀pìtàn tí Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan ṣáájú ti ń walẹ̀ lára Erédò, ìyẹn kòtò ńlá tí wọ́n ní Súngbọ́ ló ni ín. Èédú àti ohun mìíràn tí wọ́n bá lábẹ́ òkìtì ibẹ̀ fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí Súngbọ́ bá ló ni ín, ó fi ohun tó ju 2,000 ọdún lọ kéré sí Ayaba Ṣébà. Mo tún ṣí Súrà An-Naml. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé orúkọ Bílíkísù ò sí nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ń túmọ̀ Kùránì ló sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn náà. Èrò tèmi ni pé nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọ ilẹ̀ wa ni wọ́n so orúkọ yẹn mọ́ Súngbọ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Kì í kúkú ṣe àwa nìkan là ń du obìnrin yìí. Ní Yemen, wọ́n ní ahoro tẹ́ńpìlì Bílíkísù ní Marib. Ní Ẹtiópíà, wọ́n á mú ọ lọ wo ààfin rẹ̀ ní Aksum.

Bí mo ṣe parọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí irọ́ náà gbà lọ́wọ́ àwọn àlejò ló dùn mí jù. Ìwọ̀nba wákàtí ni ìrìn ọjọ́ kan ní. Nítorí pé mo fẹ́ ráyè ròyìn Ayaba Ṣébà, a máa ń wakọ̀ kọjá lára Erédò láìdúró. Mo máa ń nawọ́ sí i láti ojú fèrèsé: “Ẹ wo igbó yẹn, kòtò kan wà níbẹ̀.” Kòtò kan!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kòtò kan yẹn jẹ́. Ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀, ó tó 20 mítà níbòmíràn, bí ilé alájà mẹ́fà. Peter Lloyd kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1959. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Patrick Darling fẹsẹ̀ rìn ín, ó sì ṣírò pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde á tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ mítà kúbíìkì, tí ó ju ìwọ̀n òkúta tó wà lára pírámíìdì ńlá ti Íjíbítì lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ o. Kò sí katapílà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, Pacheco Pereira ará Pọtogí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí i ká. Àwa nìyẹn. Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò sórí ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Orí ìwé yẹn náà ló ṣì wà.

Mo lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan, èmi àti ọmọkùnrin tó ń bá mi ya fídíò. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ariwo ọkọ̀ dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ògiri ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, ó tutù, ewédò bò ó. Igi ti fẹnu kora lókè, òòrùn ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí obìnrin dúró sẹ́yìn. Mo fọwọ́ kan ògiri náà, ọwọ́ mi pupa. A rìn síwájú díẹ̀ sí i, a bá àkìtàn: ọ̀rá omi, páńpá ọmọdé, mátíráàsì kan. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń wa iyẹ̀pẹ̀ òkìtì náà lọ kọ́lé. Mi ò lè bínú sí wọn púpọ̀. Èmi tí mo kàwé, tí mò ń pe ara mi ní amọ̀nà, ojú fèrèsé ni mo ti ń júwe rẹ̀.

Kò ṣe é ṣe kí n kàn yí ọ̀rọ̀ padà ní Òkè-Erí láìsọ fún àwọn onílẹ̀. Àlejò tó ń wá síbẹ̀ ń mú owó díẹ̀ wá. Bí mo bá ń sọ pé kì í ṣe Ayaba Ṣébà, ṣé ẹnu wọn kọ́ ni mo ń gba oúnjẹ kúrò? Mo lọ bá bàbá kan tó máa ń jókòó sí ìtòsí ibẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ mi títí. Wọ́n ní àwọn ò ní bá mi jà lórí ti Ṣébà, àwọn baba àwọn sọ ọ́ fún àwọn, àwọn náà á sì máa sọ ọ́ lọ. Wọ́n wá ní, “Ṣùgbọ́n ìwọ, ṣé o ti sọ fún wọn pé kò bímọ?”

Mi ò sọ ọ́ rí. Ìtàn ìdílé ni, mo sì ti kà á níbòmíràn, mo fò ó torí kò dán bíi ti Sólómọ́nì: pé Súngbọ́ lówó, kò bímọ, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ òun má baà parun. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́ o, bóyá ààlà tàbí odi ogun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ, awuyewuye ṣì wà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ báyìí, “àwọn ará Òkè-Erí sọ pé,” àwọn obìnrin tó bá mi dúró síta kì í wo fóònù mọ́. Àwọn kan ti sunkún níbẹ̀. Mi ò béèrè ìdí.

Owó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n má purọ́. Ẹgbẹ́ kan tí Ayaba Ṣébà nìkan ló fẹ́ gbé wọn wá fagi lé ìrìn wọn nígbà tí mo ṣàlàyé. Ọkùnrin kan ní mo ba ọjọ́ òun jẹ́, ó ní kí n dá ìdajì owó òun padà. Mo dá a padà.

Erédò la fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, láàárọ̀, kí ìkọ́kọrẹ́ tó wọ ọ̀rọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀, ẹ má wọ funfun. A máa ń mú àpò ìdọ̀tí dání, ẹni tó bá wù á ṣa díẹ̀. Tíṣà wa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá, àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà, ṣé orúnkún àwọn á gbà á? Mo ní ibi tí kò dà púpọ̀ wà. Mo ti ń wá ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ fún wọn.