Ẹrẹ̀, yanrìn àti kẹ̀kẹ́ lórí èjìká: Kí ló ń mú ẹni tó gbẹ́yìn nínú eré cyclocross padà wá lọ́sẹ̀ kejì?



Eré ìje kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní cyclocross. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ṣe ni àwọn tó ń díje ṣìnà. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí koríko, wọ́n á já sínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, lójijì wọ́n á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, wọ́n á sì máa sáré gun òkè bí ẹni tí ajá ń lé. Bí wọ́n bá dé orí òkè tán, wọ́n á tún fò gun kẹ̀kẹ́ náà, eré ń tẹ̀síwájú nìyẹn.

Ilẹ̀ Faransé ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú títì nígbà ooru ń wá ohun tí wọn yóò fi mú ara gbóná nígbà òtútù, ni wọ́n bá ń gba inú oko àti inú igbó kọjá. Ọmọ ogun Faransé kan, Daniel Gousseau, ni ìtàn sọ pé ó ṣètò ìdíje àkọ́kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1902. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé nílùú Paris lọ́dún 1950. Jean Robic, tó ti gba Tour de France lọ́dún 1947, ló borí níbẹ̀.

Lóde òní, Belgium àti Netherlands ni ilé eré náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa ń sanwó láti wá dúró sínú òtútù àti òjò kí wọ́n lè wò ó. Mathieu van der Poel, ọmọ Netherlands, ti gba ìdíje àgbáyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje títí di ọdún 2025.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ òní kò dá lórí van der Poel. Ó dá lórí olùkọ́, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì àti akọ̀wé báńkì tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, tó wá fi owó ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún eré ọjọ́ Àìkú, tó sì mọ̀ dájú pé òun kò ní gba ife ẹ̀yẹ kankan. Irú wọn ló pọ̀ jù nínú eré náà ní Belgium, Britain àti Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Jos, Kaduna, Kumasi tàbí Ouagadougou gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sá eré náà?

Pápá rẹ̀ kò gùn. Níbi ìdíje tí UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, bá fọwọ́ sí, ìyípo kan máa ń jẹ́ kìlómítà 2.5 sí 3.5. Wọ́n á máa yí i po títí àsìkò yóò fi pé: nǹkan bíi wákàtí kan fún àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 fún àwọn obìnrin, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò sì sábà kọjá ìṣẹ́jú 30 sí 45. Wọ́n á gbé pákó méjì dábùú ọ̀nà, gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ńtímítà 40 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ fò ó.

Ohun kan tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé, bí wọ́n bá fọn fèrè eré, kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n máa yí pápá náà po. Rẹfirí á dúró kí ẹni tó wà níwájú yí i po lẹ́ẹ̀mejì ná, á wo aago, á ṣírò rẹ̀, ìgbà náà ni yóò tó gbé iye tó kù síta fún wọn. Ẹni tó bá ti ná gbogbo agbára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ á wá rí i pé ìyípo márùn-ún ló ṣì kù.

Ìyà tó wà nínú rẹ̀ kò kéré

Ìyà àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n bá tò ọ́ sí. Àwọn tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè síwájú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yìn pátápátá ló máa dúró. Bí fèrè bá dún, gbogbo wọn á sáré lọ sí kọ́nà àkọ́kọ́, níbi tí ọ̀nà kò ti fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ nígbà mìíràn. Àwọn tó wà níwájú á kọjá. Àwọn ará ẹ̀yìn á bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bíi ti Nyanya l'Abuja laago méje àárọ̀, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀, ẹlòmíì á ṣubú lé ẹnìkejì rẹ̀. Kí ó tó lójú, ẹni iwájú ti rìn jìnnà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ò mọ olówó. Ó máa ń há sáàárín táyà àti irin kẹ̀kẹ́ títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò wúwo ju kìlógíráàmù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ láàárọ̀ á wá di ẹrù tó ń tẹ èjìká wọlẹ̀. Irin kékeré kan wà lẹ́yìn, òun ló di ẹ̀rọ tó ń gbé ṣéènì mú. Bí koríko àti ẹrẹ̀ bá wé mọ́ ọn, ó lè kán pẹ́nkẹ́n, eré ẹni náà parí nìyẹn.

Ibí yìí ni owó ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó fi eré yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́ máa ń ní kẹ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn èèyàn wọn á sì dúró ní ibùdó àtúnṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fọn omi. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, wọ́n lè pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gba èyí tí wọ́n ti fọ̀. Ẹni tó ń ṣe é nítorí ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹyọ kan ló ní. Bí táyà bá jò lẹ́yìn tó ti kọjá ibùdó àtúnṣe, òfin kò gbà á láyè láti padà sẹ́yìn. Yóò gbé kẹ̀kẹ́ sáré lọ síwájú títí yóò fi dé ibùdó tó kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan ló kù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà náà tún wà ńbẹ̀. Bó bá le jù, kẹ̀kẹ́ á máa yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Bó bá rọ̀ jù, òkúta kan ṣoṣo ló máa bẹ́ ẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí wọn tí wọ́n á máa fi ìka tẹ táyà ara wọn, tí wọ́n á máa jiyàn bí àwọn ìyá olóúnjẹ ṣe ń jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Èyí tó ń dun èèyàn jù lọ ni òfin ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìyípo kan bá ń gba ẹni tó wà níwájú ní ìṣẹ́jú 10, ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ìṣẹ́jú 8 sílẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà dí ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Òfin yìí bójú mu níbi ìdíje àgbáyé. Níbi eré àwọn tó ń díje fún ìfẹ́ ara wọn, kò bójú mu rárá: ẹni tó sanwó wọlé, tó jí láago márùn-ún, wọ́n ní kó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15! Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Britain ti rí i pé kò dáa. Wọ́n máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa sáré lọ títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi parí. Ibi tí oníkálukú bá bá a dé nígbà náà ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún un.

Adùn rẹ̀ ńkọ́?

Nínú eré kan ṣoṣo, eré bí ogún ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní ipò 43 kò bá ẹni àkọ́kọ́ du nǹkan kan. Ẹni tó wà ní ipò 42 ló ń lé. Ó rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé ó máa ń dẹ̀ sílẹ̀ níbi yanrìn, ó ń dúró dè é níbẹ̀. Bó bá kọjá rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn bíi pé ó gba góòlù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì á tún pàdé, ẹni tí wọ́n kọjá ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun yanrìn.

Adùn mìíràn ni ọgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń bẹ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré, tó ń gbé e fò pákó, tó tún ń fò gùn ún láìdúró, ó ṣeé kọ́ lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú igi méjì. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i, onítọ̀hún kì í gbàgbé. Sven Nys, ọmọ Belgium tó gba ìdíje àgbáyé lọ́dún 2005 àti 2013, kì í sọ̀kalẹ̀ níbi pákó nígbà tó ṣì ń díje. Ṣe ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ fò ó, nítorí ó ti gun kẹ̀kẹ́ BMX ní kékeré. Ọ̀pọ̀ tó ń fara wé e ló ń fi ẹnu kó ẹrẹ̀, àwọn òǹwòran á sì pàtẹ́wọ́ fún wọn ju ẹni tó borí lọ.

Àwọn òǹwòran yìí gan-an, ara eré ni wọ́n. Wọ́n á máa lu agogo, wọ́n á máa fi ẹni tó gbẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pariwo jù. Nítorí pé ìyípo kò gùn, ojú wọn á tún kan án láìpẹ́. Èyí kò sí nínú eré ojú títì, níbi tí ẹni tó bá já sẹ́yìn ti ń dá nìkan wà pẹ̀lú atẹ́gùn.

Kí ló kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú èyí?

Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ ṣàjèjì níbí. Burkina Faso ti ń ṣe Tour du Faso láti ọdún 1987. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba abala mẹ́ta nínú Tour de France lọ́dún 2024, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Kigali gbàlejò ìdíje àgbáyé ojú títì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó wá sílẹ̀ Áfíríkà. Ní ti Nàìjíríà, Ese Ukpeseraye díje nínú Olympics Paris 2024, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí ikọ̀ Jámánì yá a ló fi sáré nínú pápá ìṣeré.

Ẹsẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Níbo ni ọ̀dọ́ tó wà ní Makurdi tàbí Tamale yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ojú títì márosẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbára dì, tí tírélà ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Kí eré ojú títì tó wáyé, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ ìjọba kó ti ọ̀nà, ẹ gbọ́dọ̀ wá ọlọ́pàá, ọkọ̀ aláìsàn àti ọ̀pọ̀ owó. Nítorí náà, eré ò pọ̀, ẹni tí kò bá sì rí eré sá, ìgbà wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Cyclocross kò nílò títì. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, okùn, igi díẹ̀, pákó méjì àti ẹnìkan tó ní fèrè, ó tó. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ẹrẹ̀ kò wọ́n ní Plateau. Nígbà ọyẹ́, yanrìn wà níbi gbogbo, yanrìn sì le ju ẹrẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣubú, orí koríko ló sábà ń bọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun èjìká ṣì lè ṣẹ́. Ooru ni ọ̀tá tí àwọn ará Belgium kò mọ̀: laago méje àárọ̀ ló yẹ kí eré bẹ̀rẹ̀, kí omi sì wà nílẹ̀.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ má dúró de olówó iyebíye. Òfin UCI ní táyà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 33 lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ eré ìbílẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàyè láti gun kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní táyà ńlá. Tòkunbọ̀ tí bíréékì rẹ̀ ń mú, ó ti tó. Ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ tó bá fi òfin táyà bẹ̀rẹ̀ ti lé idajì àwọn ọmọ tó fẹ́ wá lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́, cyclocross kò tíì sí lára eré Olympics rí, kò sì sẹ́ni tó máa fi di olówó l'Áfíríkà láìpẹ́. Àmọ́ ẹ wo Pauline Ferrand-Prévot, ọmọ Faransé: ó gba ìdíje àgbáyé cyclocross lọ́dún 2015, ó gba góòlù kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Paris 2024, ó sì gba Tour de France àwọn obìnrin lọ́dún 2025. Inú ẹrẹ̀ ló ti kọ́ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbé e dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó mọ èyí kó tó lọ: ìyà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn eré ló wà. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ṣéènì mọ́jú máa ń jẹ irin. Kí èèyàn tó jẹun, kó tó wẹ̀, kó kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ kẹ̀kẹ́ náà, kó nù ún gbẹ, kó fi epo díẹ̀ sí ṣéènì, kó sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń yí geere.