Ẹni Òkè Odò àti Ẹni Ìsàlẹ̀ Odò: Ta Ni Yóò San Owó Gọ́tà?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Ìbàràpá)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń sọ òjò kalẹ̀ ní òdiwọ̀n. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Òjò tó bá rọ̀ sí ilẹ̀ Ìbàràpá kì í parí ìrìn àjò rẹ̀ síbẹ̀. Odò Òfìkì a gbé e lọ bá odò Ọ̀yán, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ dáàmù ńlá sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Láti ibẹ̀ ni omi náà ti ń wọ odò Ògùn, tí ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Ìṣẹrí, Kara àti Àjégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, kí ó tó wọ inú ọ̀sà Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti inú dáàmù yìí, omi bo ilé àwọn ará Àjégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì di aláìnílé. Ẹni tó bá jókòó sí Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, tó ń sọ pé omíyalé Èkó kò kan òun, ó yẹ kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Ànábì fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àkàwé, gẹ́gẹ́ bí Nu'mān ọmọ Bashīr ti gbà á wá nínú àkójọ Bukhari. Àwọn kan wà lókè ọkọ̀, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ dá ihò lu síbi tiwọn, kí wọ́n má baà máa yọ ti òkè lẹ́nu nítorí omi. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ní ti odò Ògùn, àwọn ti òkè náà lè lu ihò: ẹni tó ń gé igi etí odò fún èédú, àti ẹni tó ń da pàǹtí sínú gọ́tà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n owó ni onílé fi ń kọ̀ fún àgbàrá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí nílùú Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì lọ. Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá ìjọba ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn. Gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ ni yóò san án. Owó ńlá ń wá lẹ́yìn tí a bá ti sin òkú tán. Owó kékeré tí a fi ń kó gọ́tà lọ́dọọdún ni kò rí olówó.

Ní etíkun Èkó, àwọn oníṣòwò ń mọ ògiri òkúta tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5 fún ìlú tuntun tí wọ́n pè ní Eko Atlantic. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń rí owó rẹ̀. Oníṣòwò wo ni yóò mọ irú rẹ̀ fún Àjégúnlẹ̀, níbi tí kò ti sí ilẹ̀ olówó gọbọi láti tà? Owó àpapọ̀ ni ààbò tálákà.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé ṣíṣe àti títọ́jú gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Òfin kan náà fún un láṣẹ láti gba owó orí ilé. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà ní Ìbàràpá. Ẹni tí kò san owó ilé, tí kò sì bèèrè ibi tí owó ń gbà lọ, kò ní ẹnu láti fi bú ẹnikẹ́ni nígbà tí omi bá wọlé.

Àwọn kan ń sọ pé kádàrá ni. Ní ọdún 17 lẹ́yìn Híjírà, omi wọ mọ́sálásí Mẹ́kà, ó sì gbé òkúta ibùdúró Ànábì Ibrahim lọ. Kíláfà Umar gbéra láti Mẹ̀dínà, ó dá òkúta náà padà sí àyè rẹ̀, ó sì mọ odi tí yóò máa dá omi dúró. Ta ni nínú wa ló gba kádàrá gbọ́ ju Umar lọ? Àwọn mìíràn ń sọ pé wọ́n yóò jẹ owó náà. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, ìṣirò ni kí a bèèrè. Àìsanwó kò lè dá omi dúró.

Kí a má da owó ẹ̀sìn pọ̀. Ìpín 8 ni Al-Kùránì là sílẹ̀ fún sàkáà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì fi afárá tàbí gọ́tà kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí omíyalé kó ọrọ̀ rẹ̀ lọ lè rí nínú rẹ̀ gbà, nítorí Mujāhid kà á mọ́ àwọn onígbèsè. Sàárà àti wákáfù ni ti gọ́tà. Uthmān fi owó ara rẹ̀ ra kànga Rūmah, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí. Ànábì sì ka yíyọ ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú gọ́tà kan ní àdúgbò rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún un lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ènìyàn méjì máa ka owó rẹ̀, kí wọ́n sì máa kéde ìṣirò rẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú ìwé ìṣirò náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò kọ́bọ̀ tirẹ̀ níta gbangba ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìṣirò náírà ìjọba.

Kí Ọlọ́hun sọ òjò wa di ìkẹ́, kí Ó má sọ ọ́ di ìyà. Àmín.