Èdè Tí A Fi Ń Pe Ọmọ Wá Jẹun

 

Lóṣù Keje tó kọjá, èmi, ọmọ mi obìnrin àti ọmọ tó bí lọ gba atẹ́gùn ní Deep Creek Lake, adágún ńlá tó wà láàárín àwọn òkè níwọ̀ oòrùn Maryland. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Wọ́n sé odò ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1925 kí wọ́n lè fi omi rẹ̀ mú iná mànàmáná jáde. A jókòó sábẹ́ igi nígbà tí ìdílé kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Irùngbọ̀n bàbá gùn, ṣùgbọ́n ó fá ti orí ètè. Ìyá dé fìlà funfun. Ọmọ márùn-ún tẹ̀ lé wọn. Amish ni wọ́n, ìjọ Kristẹni kan tí kì í ní mọ́tò, láti Lancaster ní Pennsylvania. Ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ wọn nílé. Bí ọ̀nà bá jìn, wọ́n á háyà awakọ̀.

Ìyá náà tú agbọ̀n oúnjẹ. Ó to búrẹ́dì, ó to ẹyin sísè tí omi bíìtì ti sọ di pupa, ó gbójú sókè, ó ní: "Kumm, esse!" Gbogbo àwọn ọmọ sì sáré wá. Èyí tó kéré jù, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ń rojọ́ fún bàbá rẹ̀ lédè kan náà, bàbá sì ń dá a lóhùn. Mo bi í pé èdè wo nìyẹn. Ó ní Deitsch ni, èdè Jámánì tí àwọn baba ńlá wọn gbé wá. Ó dìgbà tí ọmọ wọn bá dé ilé ìwé kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Òun náà wá bi mí bóyá ọmọ-ọmọ mi ń sọ èdè tiwa. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fèsì, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé òun ò gbọ́.

Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ó ti ń lọ sí 300 ọdún tí àwọn Amish ti wà ní Pennsylvania. Kò sí yunifásítì tiwọn, wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn ní kíláàsì. Àwa Yorùbá ní Bíbélì odindi lédè wa láti 1884, a ní sinimá, a ní rédíò. Ṣùgbọ́n ìdí àwo oúnjẹ ni àwọn Amish ti di èdè tiwọn mú.

Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà rí tẹ́lẹ̀. Agbo ilé wa wà ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn, láàárín àwọn páànù dídípẹtà téèyàn ń rí láti orí òkè Mápó. Oríkì ni Ìyá àgbà fi ń pè wá: "Àjàní, Àkànkẹ́, Àlàbí, ẹ máa bọ̀, ọkà ti ń tutù!" Bí wọ́n bá rán wa lélùbọ́ ní Ọjà'ba, ọmọ tó bá mọ ìyá elélùbọ́ kí ló máa gba ènì. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ èdè.

Mo mọ̀ pé wọ́n nà lára wa nílé ìwé nítorí fànákúlà, ìyẹn sísọ Yorùbá, ẹ̀rù yẹn sì bá wa wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1851, ará Jámánì kan, David Hinderer, dé Ìbàdàn. Ó wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé òun ló túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ sí Yorùbá. Jámánì gbọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, ọmọ-ọmọ Ìbàdàn ò gbọ́ ọ ní Maryland!

Mi ò ní kí ẹ ta mọ́tò yín kí ẹ lè dà bí Amish. Láti oṣù Keje, Yorùbá nìkan ni mo fi ń pe ọmọ-ọmọ mi wá jẹun. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣe ló ń wò mí. Ní báyìí, ó ń dáhùn láti yàrá: "Mò ń bọ̀, Bàbá."

Oúnjẹ máa délẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa yìí láìpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kí ẹ fi pe àwọn ọmọ.