Orúkọ Méjì ní Ilé Olóyè Awólọ́wọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ ilé kan ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, tí kò jìnnà sí Ṣàgámù. Ilé náà ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti 1954 sí 1959. Ìkẹ́nnẹ́ ni a bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Ibẹ̀ náà ni ó ti jáde láyé ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1987, a sì sin ín sínú ọgbà rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé náà di ibi ìrántí, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.

Ọ̀pọ̀ àlejò a máa lọ tààrà síbi ibojì, wọn a wò ó, wọn a sì padà. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè orúkọ gbọ̀ngàn àti orúkọ ilé ìkàwé. Ẹfúnyẹlá ni gbọ̀ngàn náà ń jẹ́, Ṣópólú sì ni ilé ìkàwé. Ìyá rẹ̀ ni Ẹfúnyẹlá, bàbá rẹ̀ sì ni Dáfídì Ṣópólú. Àgbẹ̀ ni Ṣópólú, ó sì tún ń fi ayùn la igi gẹdú. Ọkùnrin tí ó la igi jẹun ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé tí ó kún fún ìwé!

Ní ọdún 1920 ni Ṣópólú kú, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ikú yìí da ẹ̀kọ́ ọmọ náà rú. Ó di dandan kí ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó tó lè rí owó ilé ìwé san. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí kò lè fi ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ṣeré.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà nílé ìwé, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954, lé ní 811,000 lọ́dún náà. Bàbá tí ó bí mi wà lára wọn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó mọ̀wé ní agbo ilé wa. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ló pàtẹ́wọ́ o. Owó orí tí a fi kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí ètò náà bí ọ̀pọ̀ àgbà nínú, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi ní agbègbè wa nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ wọn kò pa ètò náà tì.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ránṣẹ́ ṣíwájú, nítorí ilé ẹbí ni. Aya rẹ̀, Olóyè Hannah Ìdòwú Dìdẹ́olú, gbé níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2015. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, tí ìbá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ni a sin ín.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn tí ó wọ ilé ìwé ní 1955 ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí àwòrán tàbí ìwé ẹ̀rí ìgbà náà bá wà nínú àpótí yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ bá dá mọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì mú un wá síbí lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.